Ta Ló Di Asẹ́ Mú? Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Nínú Àwọn Àjọ̀dún Edinburgh àti Fàájì Òru Rẹ̀

Ẹni tó bá gba High Street kọjá ní Edinburgh, olú ìlú Skọ́tlándì, lọ́sàn-án nínú oṣù kẹjọ kò ní tíì rìn jìnnà tí wọ́n á fi ti ìwé pélébé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òṣèré tó kun ẹfun sójú á fún un ní kan. Ọmọbìnrin tó gbé gìtá kọ́ èjìká á fún un ní òmíràn, á sì fi orin díẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo eré àwọn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kó tó dé ìsàlẹ̀ òpópónà, ìwé ọwọ́ rẹ̀ á ti tó ogún, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé àwọn ni kó wá wò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun kan ṣoṣo ni “Edinburgh Festival”. Rárá o. Àjọ̀dún bíi mẹ́fà ló ń wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni irú ènìyàn tó bá lára mu. Mo mọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀) nígbà tó jẹ́ pé àwàdà ló ń wá. Oorun ti gbé e lọ kí apá kìíní tó parí. Mo sì mọ ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wo àwàdà títí ẹ̀rín fi sú u, kò sì mọ̀ pé ọ̀kẹ́sírà tí àwọn mìíràn ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá gbọ́ ń ṣeré níbi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Asẹ́ ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá bi mí. Ẹni tó ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é tí èèrí kò ní kù. Nínú àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di asẹ́ mú: bóyá olùdarí tó ti yan eré kí ẹ tó dé, bóyá ẹni tó ni gbọ̀ngàn, bóyá ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ń sẹ́ ẹ, ẹ ti mọ iye tí ẹ máa san, iye wákàtí tó lè ṣòfò, àti irú ohun tó lè yà yín lẹ́nu.

International àti Fringe

Ìbejì ni àjọ̀dún méjèèjì yìí. Ọdún 1947 ni wọ́n bí wọn, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìjọba ṣì ń wọn oúnjẹ fún aráàlú ní Bìrìtéènì. Rudolf Bing, ọmọ Vienna tó sá wá sí Bìrìtéènì nítorí àwọn Nazi, ni olùdarí àkọ́kọ́ fún International Festival. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí orin àti eré kó àwọn tí ogun ti fọ́n ká jọ padà. Lọ́dún yẹn gan-an, Bruno Walter, Júù tó ń darí ọ̀kẹ́sírà tí àwọn Nazi sì lé kúrò nílẹ̀ rẹ̀, tún pàdé ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà Vienna Philharmonic ní Edinburgh. Kò sí ìgbà tí mo wọ gbọ̀ngàn Usher Hall tí n kò rántí ìpàdé yẹn.

Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ eléré mẹ́jọ dé sílùú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn kò sí nínú ètò, wọ́n bá wá gbọ̀ngàn níbi tí wọ́n ti lè rí i, wọ́n sì ṣeré wọn. Lọ́dún 1948, Robert Kemp, tó máa ń kọ eré onítàgé, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé eré pọ̀ ní ìṣẹ́tí àjọ̀dún gangan. Fringe ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìṣẹ́tí, òun ló sì di orúkọ títí dòní. (Kí n má tàn yín, ìbẹta ni wọ́n: ọdún 1947 náà ni àjọ̀dún fíìmù Edinburgh bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹjọ ni tiwọn náà bọ́ sí báyìí, ẹni tó bá fẹ́ràn sinimá lè fi fíìmù kan sáàárín eré méjì.)

Ní International, olùdarí ló di asẹ́ mú. Láti ọdún 2022, Nicola Benedetti, tó ń ta violin, ló wà nípò yẹn; òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, òun náà sì ni ọmọ Skọ́tlándì àkọ́kọ́. Ẹni tí wọn kò bá pè kì í wá. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni ọ̀kẹ́sírà, ọ́pẹ́rà, ijó, àti eré onítàgé láti ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sábà máa ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè ìtàgé kí gbogbo ènìyàn lè bá a lọ. Usher Hall, tí wọ́n ṣí ní 1914, gba bíi 2,200 ènìyàn; Festival Theatre gba bíi 1,900. Nínú irú gbọ̀ngàn báyìí, àga olówó pọ́ọ́kú wà lókè pátápátá, olówó gọbọi sì wà nísàlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n kéré jù kì í ju nǹkan bíi £10 lọ, àga iwájú fún ọ́pẹ́rà sì lè kọjá £100 dáadáa. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n tún ń kó àga kúrò nísàlẹ̀ Usher Hall fún àwọn orin kan, wọ́n á kó àpò rọ̀gbọ̀kú síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè sùn gbalaja sẹ́bàá àwọn olórin. Bí ẹ̀rù gbọ̀ngàn ńlá bá ń bà yín, irú èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní International kò sí lálẹ́ rárá. Ní Queen's Hall, ilé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ṣe orin àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní aago mọ́kànlá àárọ̀: olórin mẹ́rin, nígbà mìíràn ẹnì kan pẹ̀lú dùùrù. Ìlú kò tíì kún, ara ò tíì rẹ̀ yín, ẹ ó sì ti jáde kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ní International, ewu pé eré á burú kò tó nǹkan. Ewu tó wà ni pé ó lè gùn, ó sì lè má jẹ́ irú ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọ́pẹ́rà rí kò ní ṣàdédé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wákàtí rẹ̀ di mẹ́ta.

Fringe yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o, Fringe Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, kì í yan ẹnikẹ́ni, kì í sì í lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rí gbọ̀ngàn, tó sì san owó ìforúkọsílẹ̀, ó ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí eré fi ń lé ní 3,000 nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ní 2024, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Àwàdà ló pọ̀ jù, àmọ́ eré onítàgé, ijó, orin, séákọ́ọ̀sì (eré àwọn atakìtì) àti ti àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju wákàtí kan lọ, iye yàrá tó wà nílùú ló sì fà á: yàrá kan náà ni ẹgbẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ń pín lò láti àárọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láti palẹ̀ mọ́ kí èyí tó kàn tó wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè ṣí i.

Àwọn kan á ní kò sí asẹ́ kankan ní Fringe. Ó wà. Ọwọ́ àwọn tó ni gbọ̀ngàn ló wà, ohun tí àlejò kì í sì í tètè mọ̀ nìyẹn. Traverse, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ń wá eré tuntun látọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé tó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì ń sẹ́ ẹ kúnná. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ òṣèré kankan, tí ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ sì ń wù yín, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Traverse láìronú jìnnà. Summerhall, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko nígbà kan rí, ni tàwọn tó fẹ́ ohun àjèjì: eré tí òṣèré á ti máa bá yín sọ̀rọ̀ lójúkojú, eré tí ẹ ó máa rìn tẹ̀lé láti yàrá dé yàrá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀gá ńlá mẹ́rin, Assembly, Pleasance, Gilded Balloon àti Underbelly. Yàrá wọn pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn aláwàdà tó ti lórúkọ lórí tẹlifíṣọ̀n sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Eré tiwọn máa ń wà láàárín £10 sí £20, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àgbàlá wọn gan-an jẹ́ ibi ìgbádùn: ẹ ó jókòó, ẹ ó mu nǹkan, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń sọ. Ohun tí mo fetí kọ́ ní àgbàlá yẹn ti ràn mí lọ́wọ́ ju ìràwọ̀ márùn-ún tí ìwé ìròyìn ń fún eré lọ.

Èyí tí kò sí asẹ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́ ni àwọn eré ọ̀fẹ́. Aláwàdà kan, Peter Buckley Hill, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1996. Yàrá ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, ẹ kì í san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọlé. Bí eré bá parí, òṣèré á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán pátápátá, ẹ jọ̀wọ́. Òṣèré yẹn ti san owó ilé àti owó ọkọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó máa mú lọ sílé ju ohun tí ẹ bá sọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ó bá dùn mọ́ yín, £5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Mo ti jókòó pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà péré nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, tí obìnrin kan sọ ìtàn ìyá rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè dìde nígbà tó parí. Mo sì ti jókòó fún wákàtí kan rí láìrí ohun kankan rẹ́rìn-ín sí. Ohun tí ẹ gbà láti fara dà nìyẹn nígbà tí ẹ bá gba asẹ́ sọ́wọ́ ara yín.

Ọ̀nà láti sẹ́ Fringe láìnáwó púpọ̀ wà. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni owó máa ń kéré jù, nítorí àwọn òṣèré ṣì ń tún eré wọn ṣe. Lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì méjì ní owó ẹyọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn akọ̀ròyìn ti sọ ohun tí wọ́n rí, èyí tó dára á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn kó dá ara rẹ̀ lójú, ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni kó lọ; ẹni tó fẹ́ràn kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ rí ohun tuntun, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ọ̀sẹ̀ kìíní ni tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tó kan ẹsẹ̀. Máàpù orí fóònù máa ń tan ènìyàn jẹ ní Edinburgh. Òpópónà Cowgate gba abẹ́ afárá South Bridge àti ti George IV Bridge kọjá. Ẹ ó rí i lórí máàpù bíi pé ọ̀nà méjì pàdé, ẹ ó débẹ̀, ẹ ó bá a pé ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn wo inú kànga, àkàsọ̀ òkúta tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ló sì so wọ́n pọ̀. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín eré kan àti òmíràn. Bí ẹ bá ń bá àgbàlagbà rìn, ẹ fi wákàtí kan sí i.

Tattoo

Ibí yìí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sẹ́. Royal Edinburgh Military Tattoo, eré àwọn ẹgbẹ́ olórin ológun, bẹ̀rẹ̀ ní 1950, eré kan náà ni wọ́n ń ṣe láti alẹ́ dé alẹ́, iwájú ilé olódi tó wà lórí àpáta ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìjókòó tí wọ́n ń tò síbẹ̀ gba nǹkan bíi 8,800 ènìyàn. Ẹgbẹ́ olórin ológun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń bọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fèrè alápò á sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nígbẹ̀yìn, iná á kú, ẹnì kan ṣoṣo á dúró lórí odi, á fun fèrè tirẹ̀ nínú òkùnkùn. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n ju ti Fringe lọ fíìfíì, ó sì máa ń tán ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Wọn kì í gbà kí ènìyàn ṣí agboòrùn nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn, òjò kì í sì í dá eré dúró. Ẹ wọ aṣọ òjò, ẹ mú nǹkan tí ẹ lè fi bo itan. Ó tọ́ sí ẹni tó ń mú òbí rẹ̀ rìn, tàbí ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè pàdánù. Fún ẹni tó ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, màá ní kó fi owó náà wo eré Traverse mẹ́ta. Iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn ní ìparí rẹ̀ kò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dúró sí Princes Street á rí i.

Àjọ̀dún ìwé, àti àwọn tó dákẹ́

Ọdún 1983 ni Edinburgh International Book Festival bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà Charlotte Square ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2024, ilé ìwòsàn àtijọ́ tó wà ní Lauriston Place ni wọ́n ń lò, èyí tí yunifásítì ti sọ di Edinburgh Futures Institute. Kì í ṣe ohun àjèjì pé ìwé rí ààyè báyìí níbẹ̀: ìlú yìí ni UNESCO kọ́kọ́ fún ní orúkọ Ìlú Lítíréṣọ̀, ní 2004.

Bí ẹ bá fi í wé Fringe, wákàtí kan náà ni, iye owó kò sì jìnnà síra. Ìyàtọ̀ ni pé ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ gbọ́. Òǹkọ̀wé á sọ̀rọ̀, á ka díẹ̀, àwọn ènìyàn á bi í ní ìbéèrè, á sì fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó bá tò. Kò sí ariwo, kò sí òkùnkùn, ẹ lè mú ọmọ dání, nítorí ètò ti àwọn ọmọdé pọ̀ gan-an. Bí ẹni tí ẹ jọ ń rìn kò bá fẹ́ràn kí wọ́n bú òun lórí ìtàgé, ẹ mú un wá síbí. Ẹni tí kò lè dé Edinburgh rárá lè wo díẹ̀ nínú àwọn ìjókòó náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Art Festival, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, jẹ́ ti àwòrán àti ère, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ọnà ìjọba pẹ̀lú National Museum tó wà ní Chambers Street kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òjò bá dé, tí owó sì ti ń tán, ibẹ̀ ni kí ẹ sá sí.

Àwọn tí èrò rẹpẹtẹ ń dà láàmú ní ọ̀nà àbáyọ kan: àjọ̀dún orin jazz àti blues. Oṣù keje ni tiwọn, kí àwọn yòókù tó dé. Òtẹ́ẹ̀lì kò tíì gbówó lórí tó ti oṣù kẹjọ, ẹ ó sì rí àga jókòó.

Lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, aago mẹ́sàn-án á kọjá kí oòrùn tó wọ̀ ní Edinburgh. Ní òpin oṣù, ó ti di nǹkan bíi aago mẹ́jọ. Alẹ́ ibẹ̀ kì í tètè bẹ̀rẹ̀, òtútù rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀sán tó gbóná díẹ̀ lè di òru tí ẹ ó máa gbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ mú kóòtù dání.

Ní oṣù yòókù, ọ̀pọ̀ ilé ọtí ń ti ilẹ̀kùn ní aago kan òru, ilé ijó ní aago mẹ́ta. Nígbà àjọ̀dún, àwọn aláṣẹ ìlú máa ń fún àwọn tó bá bèèrè ní wákàtí sí i, àwọn ilé ijó kan á sì máa lù títí di aago márùn-ún ìdájí. Ohun tí kì í yí padà ni òfin ṣọ́ọ̀bù: ní gbogbo Skọ́tlándì, ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ ta ọtí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá rò pé òun á rà á nígbà tí òun bá ń lọ sílé á kàn wò ó lórí pẹpẹ ni.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo máa ń rí tí àwọn ènìyàn ń gbà lo òru náà.

Àkọ́kọ́ ni àwàdà ọ̀gànjọ́ tí aláwàdà mẹ́rin sí márùn-ún máa ń pín. Ẹnì kan á ṣe olóòtú, àwọn yòókù á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún olúkúlùkù. Fún ẹni tí kò mọ ẹni tó yẹ kó wò, èyí ló dára jù ní gbogbo ìlú, nítorí olóòtú ti bá a sẹ́ ẹ. Bí ẹnì kan bá wù yín, ẹ ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì eré tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gilded Balloon ló sọ irú alẹ́ yìí di olókìkí, láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní Cowgate kí iná tó jó ilé wọn níbẹ̀ ní oṣù kejìlá 2002. The Stand ní York Place àti Monkey Barrel ní Blair Street náà mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn méjèèjì kì í sì í ti ilẹ̀kùn nígbà tí àjọ̀dún bá parí. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwàdà aago kan òru kì í ṣe ti aago méje alẹ́. Àwọn tó wá wò ó ti mu, wọ́n á máa dá sí i, òṣèré á sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní fẹ́ kí ìyá yín gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó níwájú.

Ìkejì ni séákọ́ọ̀sì àti eré orin òun ijó alẹ́ nínú àgọ́. Ìjọra kò sí láàárín àgọ́ yìí àti èyí tí ẹ mọ̀: igi àti dígí ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀dọ̀ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá, spiegeltent sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ènìyàn á máa fò lókè orí yín láìsí ohun tó dì wọ́n mú. Kò gba èdè, kò gba ìmọ̀. Ó wọ́n ju àwàdà lọ díẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ìfẹ́ yín kò ṣọ̀kan, kò sí ẹni tó máa ráhùn.

Ìkẹta ni ilé ijó. Cowgate ni púpọ̀ nínú wọn wà. Sneaky Pete's kò gbà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, nítorí náà ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ lè dúró lórí ìlà títí ara rẹ̀ á fi tutù. Bongo Club tóbi jù ú lọ, orin rẹ̀ sì máa ń yí padà láti alẹ́ dé alẹ́. Ẹ wo ètò ọjọ́ yẹn kí ẹ tó lọ. Òfin ibẹ̀ ní kí ẹni tó bá ń mu ọtí ti pé ọdún 18, àmọ́ ẹni tó bá jọ ọmọ tí kò tó 25 ni wọ́n á bi. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù gangan dání, àwòrán rẹ̀ lórí fóònù kì í wọlé. Màá sọ òótọ́ ọkàn mi: bí ẹ kò bá ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ilé ijó ni màá kọ́kọ́ yọ kúrò. Ilé ijó wà ní ìlú gbogbo, gbogbo ọdún sì ni wọ́n ń jó.

Ìkẹrin ló sún mọ́ ọkàn mi jù, òun náà ló sì pọ́ọ́kú jù. Ní Sandy Bell's, ní Forrest Road, àti ní Royal Oak, ní Infirmary Street, àwọn olórin ìbílẹ̀ Skọ́tlándì máa ń jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú violin, fèrè àti akọ́díọ̀nù. Kò sí ìtàgé, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń kéde. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn yòókù á gbè é. Ẹ ra nǹkan mu, bó jẹ́ omi ọsàn náà ni, kí ẹ sì wá ibi fara tì. Bí ẹnì kan bá ń kọrin láìsí ohun èlò, gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn á rí ojú. Kò sí olùdarí tó yan orin náà, kò sì sí ẹni tó ń tà á fún yín. Àwọn tó ń kọ ọ́ ló ti fi ọdún gbọọrọ sẹ́ ẹ láàárín ara wọn, èyí tó kù ni ẹ ń gbọ́.

Ní ti bí ẹ ṣe máa padà sílé: bọ́ọ̀sì òru wà lójú ọ̀nà ńláńlá, ẹ sì lè fi káàdì báńkì san owó rẹ̀. Ẹni tó dé sí Glasgow, ìlú tó wà nítòsí, nítorí owó òtẹ́ẹ̀lì, kó mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn kúrò ní Waverley, ibùdókọ̀ ojú irin Edinburgh, kì í sábà dúró di ọ̀gànjọ́. Ó ti sọ àwàdà aago kan òru nù nìyẹn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọtí: láti oṣù kejìlá 2014, ìwọ̀n tí òfin Skọ́tlándì fàyè gbà ti kéré sí ti England, mílígíráàmù 50 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ 100, nígbà tó jẹ́ 80 lọ́hùn-ún.

Ibùsùn, kí owó tó tán lórí eré

Owó ibùsùn ló ń pa àlejò ní Edinburgh, kì í ṣe owó eré. Yàrá tí ẹ máa rí ní owó tó mọ níwọ̀n nínú oṣù kẹta ọdún lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù kẹjọ. Láti ọjọ́ 24 oṣù keje 2026, ìlú náà á tún máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó yàrá, fún alẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Àwọn yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì máa ń fi háyà nígbà ìsinmi yẹ ní wíwò. Àdúgbò Leith àti Portobello náà dára. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ dáadáa, tíráàmù (ọkọ̀ ojú irin ìgboro) sì ti ń dé Leith láti 2023. Glasgow dára fún ẹni tí International àti ìwé ń wù, nítorí eré wọn kì í pẹ́ jù. Ẹni tí òru ń wù, àárín ìlú ni kó sùn, bó tiẹ̀ jẹ́ alẹ́ méjì péré ni owó rẹ̀ tó.

Bí mo ṣe máa pín in

Ẹni tó ní ọmọ kéékèèké: ìwé ní àárọ̀, eré ọmọdé kan ní Fringe lọ́sàn-án, mùsíọ́ọ̀mù bí òjò bá rọ̀, kí gbogbo yín sì ti sùn ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ ka ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára eré dáadáa. Àwòrán ẹlẹ́rìn-ín lára ìwé pélébé kì í ṣe ẹ̀rí pé ti ọmọdé ni.

Ẹni tó ń mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rìn: Queen's Hall láàárọ̀, Tattoo lálẹ́, kó má sì sí ohun kankan láàárín wọn ju oúnjẹ àti ìsinmi lọ.

Ẹni tó jẹ́ òṣèré fúnra rẹ̀, tàbí tó ń kọ eré, tí kò sì ní owó: Fringe, ọ̀sẹ̀ kìíní, eré mẹ́rin lóòjọ́. Kí méjì jẹ́ ti ọ̀fẹ́, kí ọ̀kan jẹ́ ti Traverse, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti ẹni tó fún yín ní ìwé pélébé tó sì wò yín lójú nígbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé tó fi ṣe eré náà. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ lọ. Mo ti rí i pé ọ̀nà yìí kì í sábà já ènìyàn kulẹ̀.

Ẹni tí kò ní ju alẹ́ kan lọ: kó wo eré onítàgé kan ní aago mẹ́fà, kó jẹun, kó wo àwàdà alápapọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Lẹ́yìn náà, kó gba Forrest Road lọ sí Sandy Bell's nígbà tí orin ṣì ń lọ, kó wá ibi dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó sì pa fóònù rẹ̀.